Òṣómàáló ní gáréèjì: bí awakọ̀ kan ní Iléṣà ṣe jáwọ́ nínú sìgá

Kì í ṣe tìtorí sìgá ni ọkùnrin yìí ṣe wá sọ́dọ̀ wa. Ọmọ rẹ̀ ló gbé wá. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà, àyà rẹ̀ ń dún bíi fèrè, ó ń fi èjìká mí. Ìgbà kẹta nìyẹn láàárín oṣù méjì tí ikọ́ fée máa gbé e wá sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Iléṣà. Nígbà tí a ti tọ́jú rẹ̀ tí èémí rẹ̀ ti ń wálẹ̀, mo súnmọ́ bàbá rẹ̀ kí n fi bí wọ́n ṣe ń lo inhaler (oògùn ikọ́ fée tí wọ́n ń fi ẹnu fà) hàn án. Kí n tó la ẹnu, ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ ti ròyìn fún mi. Sìgá ni, ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń mu sìgá, àbí?"

"Nọ́ọ̀sì, mi ò mu ún nínú ilé rí o. Gáréèjì ni mo ń mu ún mọ́. Ọlọ́run ń gbọ́ mi."

Mo gbà á gbọ́, títí dòní ni mo sì gbà á gbọ́. Àmọ́ orí àyà rẹ̀ ni ọmọ náà máa ń sùn sí lálẹ́, ọkọ̀ rẹ̀ ló sì ń gbé e lọ sílé ìwé láràárọ̀. Èéfín tó ti mu sára aṣọ àti tìmùtìmù ìjókòó ọkọ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé ìta ni wọ́n ti mu òun.

Mo bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: tó bá jí láàárọ̀, báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó tan ti àkọ́kọ́? Ó rẹ́rìn-ín. "Kí n tó fọnu ni." Ìdáhùn yẹn wúlò fún mi ju iye igi tó ń mu lójúmọ́ lọ. Nikotíìnì, èròjà inú sìgá tó ń di èèyàn mú, kì í pẹ́ lára. Láàárín wákàtí méjì, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ á ti dànù. Ẹni tó sun wákàtí méje, gbèsè ló bá jí. Ẹni tó lè fọnu, kó wẹ̀, kó jẹun kó tó rántí sìgá, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ẹni tó ń fọwọ́ wá láítà lábẹ́ ìrọ̀rí, ìdè rẹ̀ le, ọ̀rọ̀ ìyànjú lásán kò ní tú u.

N ó máa pè é ní Ẹ̀gbọ́n nínú àkọsílẹ̀ yìí, torí bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń pè é. Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà kí wọ́n má baà dá a mọ̀, mo sì ti ka gbogbo rẹ̀ sí i létí. Ibì kan ṣoṣo ló ní kí n tún ṣe: mo kọ́kọ́ kọ pé ọkọ̀ rẹ̀ ti gbó.

Ẹni ọdún 46 ni. Ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ ló ń ná. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sìgá, kọ̀ndọ́ ni nígbà náà. Ọ̀gá rẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́wọ́ kúrò lórí sítíárìn, òun ló máa ń bá a tan án: á fà á lẹ́ẹ̀kan kí iná lè mú un dáadáa, á wá nà án sí ọ̀gá. "Iṣẹ́ ni wọ́n fi kọ́ mi, Nọ́ọ̀sì, kì í ṣe fàájì." Ọdún 27 ti kọjá lórí ìyẹn.

Igi 14 lójúmọ́, ó kéré tán. Náírà 100 ló ń ra igi kan. A jọ ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn bébà kan lórí tábìlì mi: 1,400 lójúmọ́, 42,000 lóṣù. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ 70,000. Ó wo bébà náà títí, ó ní, "Ẹni tó bá rí i á ní mo ní ìyàwó kejì níta." Kò tíì rí àròpọ̀ yẹn rí, torí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń rà. Òfin tí Nàìjíríà ṣe lórí tábà ní 2015 ní kí ẹnikẹ́ni má ta sìgá ní ẹyọ, àti pé páálí kan kò gbọdọ̀ dín ní igi 20. Ẹ lọ wo àpótí Málàmù lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, ẹ ó rí láítà tí wọ́n so mọ́ okùn, tó ń dúró de oníbàárà ẹlẹ́yọ kan. Èmi ò ní kí ẹ lọ fẹjọ́ Málàmù sùn. Ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́ mi ni pé ẹni tó ń rà á lẹ́yọ lẹ́yọ kì í mọ iye tó ń mu.

Ó ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta ṣáájú. Lákọ̀ọ́kọ́, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ ní ìsìn àìsùn ọdún tuntun, ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lẹ́ẹ̀kejì, ó fi paraga rọ́pò rẹ̀, ó kù díẹ̀ kó di pé méjèèjì ló ń mu. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ìgbà tí wọ́n bí ọmọbìnrin yìí: ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko, títí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ fi nọ́ọ̀kì. Òun kà á sí ìkùnà mẹ́ta. Èmi kọ "ọ̀sẹ̀ márùn-ún" sínú fáìlì rẹ̀, mo sì fàlà sí i nídìí. Ọjọ́ kejì àti ìkẹta ló máa ń le jù fún ẹni tó jáwọ́, ọ̀pọ̀ ìnira rẹ̀ á sì ti rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ó ti kọjá ibẹ̀ rí. Ara ti gbà fún un. Wàhálà ló dá a padà.

A mú ọjọ́ Ajé kan tí á jáwọ́. Mo fẹ́ kó fi ṣingọ́ọ̀mù onínikotíìnì bẹ̀rẹ̀, èyí tó ń fún ara ní nikotíìnì díẹ̀ láìsí èéfín. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka irú oògùn yìí mọ́ àwọn oògùn kòṣeémánìí láti 2009, àmọ́ mo rìn láti Èréjà dé Òkèsà, gbogbo ilé oògùn tí mo wọ̀ ni wọ́n ń wò mí bí ẹni tó ń béèrè ẹyin àkùkọ. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ló bá mi rà á bọ̀ láti Ìbàdàn: oní mìlígíráàmù méjì. Ẹni tó ń mu sìgá kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé tó jí, oní mẹ́rin ló tọ́ sí i. Mo mọ̀, mo sì fún un ní ohun tí mo rí. Èyí tí mo gbàgbé pátápátá ni láti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Ó ń rún un bí góòmù ọmọdé, ó ń fi ẹlẹ́rìndòdò sìn ín, òsúkè sì gbé e láti Iléṣà títí dé Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, àwọn èrò ń ṣe "pẹ̀lẹ́" fún un nínú ọkọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń rún un, títí ẹnu á fi máa ta bí ẹni jẹ ata, kí wọ́n wá gbé e sáàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti erìgì kó jókòó síbẹ̀. Tí títa náà bá lọ, kí wọ́n tún un rún. Ẹlẹ́rìndòdò kì í sì í jẹ́ kó wọ ara dáadáa. Nígbà tí mo fi ṣàlàyé gbogbo èyí, ó ti fi ìdajì rẹ̀ ṣòfò. Ọ̀sẹ̀ méjì ló bá a dé.

Níbi tí mo ti ń sáré oògùn kiri ni Ẹ̀gbọ́n ti mẹ́nu ba Bàbá kan ní gáréèjì wọn, awakọ̀ ẹni ọdún 61, tó ti fi sìgá sílẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Mo ní kó bá mi mú un wá. Ó mú un wá, pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn: awakọ̀ ọmọ ọdún 29 kan tí n ó pè ní Àbúrò, àti ọ̀gbẹ́ni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní gáréèjì. Àwọn méjèèjì ń mu sìgá, àwọn méjèèjì ní àwọn náà fẹ́ bá a ṣe é. Bàbá ló mú àbá àjọ wá: kí ẹni kọ̀ọ̀kan wọn máa dá náírà 1,000 lójúmọ́ láti ọjọ́ Ajé dé Àbámẹ́ta, nínú owó tí sìgá ì bá jẹ, kí ẹnì kan máa kó o lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bàbá náà á máa dá tirẹ̀. Náírà 24,000 ni ẹni tó bá kàn á máa gbé lọ sílé. Inú mi dùn débi pé mo fi tèmi kún un: ẹni tó bá tún fẹnu kan sìgá, kó pàdánù ìgbà rẹ̀, kí àwọn yòókù pín in. Èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé èmi ni.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò rọrùn rárá. Ẹ̀gbọ́n bá èrò jà nítorí ṣéńjì náírà 50. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ìlà ọkọ̀, ó ní òun ò ná ọ̀nà mọ́. Ìyàwó rẹ̀ pè mí lálẹ́ ọjọ́ kejì pé ṣé oògùn tí mo fún ọkọ òun kì í ṣe èyí tó ń dani lórí rú. Mo ní kó fún un lómi, kó fún un lóúnjẹ, kó sì jìnnà sí i díẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni Bàbá sọ ọ̀rọ̀ tí mo fi ṣe àkọlé yìí. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà wo ni kò mọ òṣómàáló? Àwọn bàbá wa tó ń ru aṣọ kiri ìlú onílùú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: òṣó ni wọ́n á máa ló títí wọ́n á fi gba owó wọn. Bàbá ní, "Sìgá tó ń pè ọ́ yìí, òṣómàáló ni. Ó ti wá lóṣòó sílẹ̀kùn rẹ, o rò pé àfi kó o sanwó kó tó lọ. Ayédèrú ni. Òṣómàáló gidi á sùn mọ́jú síbẹ̀. Eléyìí kì í pé ìṣẹ́jú márùn-ún, orúnkún á ti máa ro ó. Má sanwó. Máa wò ó níran."

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé òùngbẹ sìgá kì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan. N ò rí ẹni tó rántí. Ti Bàbá di àwàdà gáréèjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n á kàn kígbe pé "Ó ti lóṣòó o!", ẹni tó bá wà nítòsí á dáhùn pé "Má sanwó!", á sì sọ̀ kalẹ̀ lọ yẹ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, á yẹ omi rádíétọ̀ wò, á já orógbó jẹ. Kó tó parí, onígbèsè ti bọ́.

Ọ̀sẹ̀ kìíní lọ, ìkejì lọ. Ní ọjọ́ 19 tó ti fi sìgá sílẹ̀, tó bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, ó lọ sí òde ìsìnkú ní Ìbòkun. Ìgò bíà méjì, ẹyin àwo iyán, àwọn ọ̀rẹ́ tí kò rí láti ọjọ́ pípẹ́. Àna rẹ̀ kan na páálí sí i, ó mú ẹyọ kan. Ẹyọ kan péré. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní gáréèjì níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè kígbe "Má sanwó".

Ká ní ó sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹyọ kan náà ni ì bá mọ. Àmọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni àjọ kàn án, ó sì ti fi owó náà ṣèlérí fún ẹni tó fẹ́ ra táyà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin tí mo ṣe ti pa á lẹ́nu mọ́. Ó kó 24,000 náà ní ọjọ́ 27, ó sì ti ń mu igi mẹ́ta mẹ́rin lójúmọ́ nígbà yẹn. Ó ní ẹ̀wù kejì tó ń pààrọ̀ lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀. Ó ń fi tọ́mtọ́m bo ẹnu. Ìyàwó rẹ̀, lójú tirẹ̀, ń ràn án lọ́wọ́: alaalẹ́ ló ń gbóòórùn ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ kó tó gbà á wọlé. Ohun tí ìyẹn kọ́ Ẹ̀gbọ́n ni bí wọ́n ṣe ń fi ọṣẹ fọ irun imú.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ọjọ́ 24. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni, àwọn ìyá ọmọ kún yàrá wa. Ẹ̀gbọ́n wá gba oògùn ọmọ rẹ̀. Mo ní kó dìde, mo ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un: ọkùnrin tó mu sìgá fún ọdún 27, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi sílẹ̀! Wọ́n pàtẹ́wọ́, obìnrin kan tilẹ̀ súre fún un. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun jáde níbẹ̀, òun mu igi méjì léraléra.

Ọ̀rọ̀ náà tú ní ọjọ́ 31, lọ́sàn-án Ọjọ́rú. Ẹ̀gbọ́n kì í ra sìgá lọ́wọ́ Málàmù gáréèjì mọ́, kí wọ́n má baà rí i. Ó ń rìn lọ sọ́dọ̀ òmíràn lójú ọ̀nà Ìrọ́jọ̀. Ó débẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ síwájú àpótí, ó ń tan tirẹ̀ lára láítà olókùn. Àbúrò ni. Òun náà ti ń sá lọ síbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbé àwọn, wọ́n rín títí Málàmù fi ń bi wọ́n pé kí ló dé. Nígbà tó yá, Àbúrò ló kọ́kọ́ dákẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó tí mo kó lọ́sẹ̀ kejì ńkọ́?"

Wọ́n lọ bá Bàbá. Wọ́n retí èébú. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó wolẹ̀, ó ní òun náà ṣubú lẹ́ẹ̀mejì nínú ọdún àkọ́kọ́ òun, ìkejì tiẹ̀ gba òun ní oṣù kan gbáko. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá sọ ọ́, wọ́n á ní bó ṣe rí náà nìyẹn, wọ́n á fi ṣe àwáwí.

Mo ka ìpàdé yẹn sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n ò sí níbẹ̀, n ò sì mọ ohunkóhun nípa rẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Gbogbo àkókò tí Bàbá jẹ́ ẹni tí kò ṣubú rí lójú wọn, kò sẹ́ni tó lè jẹ́wọ́ ìṣubú síwájú rẹ̀.

Wọ́n fagi lé ìtanràn mi. Àjọ wà, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pàdánù ìgbà rẹ̀ mọ́. Wọ́n fi ohun méjì rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tan sìgá, kó kọ́kọ́ pe ẹnì kan nínú wọn. Tó bá ti pè tán tó ṣì fẹ́ mu ún, kó mu ún, kò sí ẹjọ́. Ẹni tó bá sì ti mu ún, kó sọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọn ò gbọdọ̀ bi í pé "kí ló dé". Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n fàyè gbà: níbo, pẹ̀lú ta ni, kí lo ti mu ṣáájú? Ìkẹta yẹn ló tú àṣírí bíà. Nínú ìṣubú tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ láàárín oṣù tó tẹ̀ lé e, ọtí ló ṣáájú èyí tó pọ̀ jù.

Ẹ̀gbọ́n tún mú ọjọ́ Ajé mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí mo rí ṣingọ́ọ̀mù oní mìlígíráàmù mẹ́rin, mo sì jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹyọ kan bó ṣe tọ́ níwájú mi. Ó fi oṣù mẹ́ta jìnnà sí ọtí. Ó gbé ibi tó ti ń dúró de ìlà ọkọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Málàmù lọ sí apá kejì gáréèjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá olóúnjẹ. (Ìyẹn náà ní tirẹ̀: ó ti sanra, ṣòkòtò mẹ́ta ti há mọ́ ọn. Mo ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a kò bá sọ fún á rò pé àìsàn ni, á sì padà sídìí sìgá kó lè fọn.) Mo bẹ ìyàwó rẹ̀ kó má gbóòórùn ẹ̀wù mọ́. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó lè jáwọ́ nínú tirẹ̀.

Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i, ní oṣù karùn-ún, ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kú. Igi méjì. Ó pe Bàbá kí ó tó tan ìkíní, Bàbá kò rí ìpè náà. Ó sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n bi í ní ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì bá a lọ sí ilé òkú. Kò mu ìkẹta. Láti ìgbà náà títí di ìsinsìnyí, oṣù mẹ́sàn-án ti kọjá. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ àti ti àwọn tó yí i ká ni mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. A kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọn èémí sí láti fi mọ̀ bóyá ẹnì kan mu sìgá ní ọ̀dọ̀ wa. Ikọ́ fée ọmọ rẹ̀ ti dín kù, ẹ̀ẹ̀kan ló gbé e wá láàárín oṣù mẹ́fà. Ó tún ń lo inhaler rẹ̀ bó ṣe yẹ, n ò lè sọ èyí tó ṣe é nínú méjèèjì.

Lẹ́nu iṣẹ́ tèmi, n kì í ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó bá padà wá, ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ ń bi í ni "Ìgbà wo lo mu ún kẹ́yìn?", mo sì ń bi í bí ẹni ń béèrè ìgbà tó jẹun kẹ́yìn, kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti sọ "àná". Tí mo bá ń wá ẹni tó máa bá aláìsàn rìn, n kì í wá ẹni tó fi sílẹ̀ lọ́jọ́ kan tí kò wẹ̀yìn mọ́. Mo ń wá ẹni tó ṣubú tó dìde, tó sì lè ròyìn ìṣubú náà. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n ní ìkọ̀kọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní ìtàn bíi ti Bàbá. Ìwádìí tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà ní 2012 fi hàn pé ọkùnrin 10 nínú 100 ló ń lo tábà. Ó dà bí ẹni pé kò pọ̀, bóyá ìyẹn ni kì í jẹ́ ká máa béèrè ní ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́wàá yẹn kì í fọ́n ká. Ojú kan ni wọ́n ń kóra jọ sí, ẹnì kan ló ń tan án fún ẹnì kejì. Nígbà tí mo bá rí ọ̀kan báyìí, mo ń béèrè àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí n tó kọ oògùn kankan.

Àbúrò ti lọ sí Èkó. Ó ní òun ò tíì padà sídìí rẹ̀, n ò lè jẹ́rìí sí i. Ọ̀gbẹ́ni onítíkẹ́ẹ̀tì ṣì ń mu ún, nǹkan bí igi márùn-ún lójúmọ́, kò sì fi ibì kankan pa mọ́. Ó ṣì ń dá àjọ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ sí gáréèjì lọ gbé fọ́ọ̀mù kan fún Ẹ̀gbọ́n, mo bá wọn lábẹ́ igi, Bàbá ń ka owó. Onítíkẹ́ẹ̀tì dìde, ó kígbe pé ó ti lóṣòó. Àwọn méjèèjì dáhùn láìgbójú sókè. Ó rìn yí ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ń tapá sí táyà kọ̀ọ̀kan, ó wá padà wá jókòó, ó ní òun á mu ún tó bá di alẹ́.